Amẹ́ríkà ń ṣọdún fún ẹlẹ́sẹ̀, àwa ń sá fún un lọ́nà Ìtàjí

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé tó ń fowó kún owó ilé la fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ní màá parí ẹ̀ lónìí. Ẹ má bínú, àwọn onílé ò lọ síbì kankan, owó ilé náà ò sì ní í wálẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, mo gbé e sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì, kò lọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ méjì tí Ọlọ́run fún olówó àti tálákà yìí náà ni mò ń wí.

Aago mẹ́ta òru ni fóònù mi dún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí fóònù bá dún nírú àkókò yẹn, òkú lèèyàn kọ́kọ́ ń rò. Mo fò dìde, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Àṣé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Virginia l'Amẹ́ríkà ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n màámi, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń lù lọ́dọ̀ tiwọn, wọn ò tiẹ̀ rántí pé àwa ti ń hanrun níbí. Ariwo ìlù àti gìtá ń dún lẹ́yìn wọn.

"Àbúrò mi, o ò ní í gbà gbọ́. Ibi ọdún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni mo wà!"

Mo ní, "Àǹtí, ọdún àwọn ta?"

"Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn! Àwọn míì ti ń rìn bọ̀ láti oṣù kẹta, wọn ò tíì débi tí wọ́n ń lọ. Ìlú ló ń ṣọdún fún wọn."

Mo ní, "Kí ló ṣe mọ́tò wọn?"

Ẹ̀rín pa Àǹtí Nọ́ọ̀sì títí káàdì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ní mọ́tò wọn wà nílé, òmíràn nínú wọn ní mọ́tò méjì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi, torí ìgbà tílẹ̀ mọ́ ni mo tó wádìí ẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà kan wà l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni, inú igbó àti orí òkè ló gbà. Láti orí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlá kọjá, ó wá lọ parí sórí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine lókè lọ́hùn-ún. Gígùn ẹ̀ tó máìlì 2,190, ìyẹn bíi kìlómítà 3,500. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe jìnnà tó, ẹ gbéra l'Ékòó, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Màídúgùrì, ẹ má jókòó o, ẹ kọjú padà, kẹ́ ẹ máa bọ̀ l'Ékòó. Bẹ́ ẹ bá dé, ó ṣì ku díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benton MacKaye ló dá àbá ẹ̀ lọ́dún 1921, wọ́n sì là á já tán lọ́dún 1937. Ẹni tó bá fẹ́ rin gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa lo oṣù márùn-ún sí méje, á gbé ilé, ibùsùn àti ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn bí ìgbín.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun rin gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Earl Shaffer, ṣọ́jà tó ti ogun Hitler dé, ọdún 1948 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wù mí jù nínú ìtàn wọn ni ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Emma Gatewood. Ọmọ mọ́kànlá ló bí. Ọkọ tó fẹ́ ẹ, lílù ló fi ń ṣe oúnjẹ fún un, kó tó di pé ìyá náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1955, nígbà tó pé ẹni ọdún 67, ó sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé òun fẹ́ lọ rìn díẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò ni. Bàtà kẹ́ńbáàsì lásán ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, ó sì rìn láti Georgia dé Maine. Ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1957, ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ̀ ń lù ìyàwó yín, ẹ rí i? Bó bá gbéra, ẹ ò ní í bá a mọ́.

Ìlú kékeré kan wá wà lójú ọ̀nà yìí, Damascus lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe Dámásíkù tí Sọ́ọ̀lù ń lọ tó fi ṣubú lulẹ̀ o, ti Virginia ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò pé ẹgbẹ̀rún kan. Àárín ìlú gan-an ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Àmì ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sára igi nínú igbó kẹ́ni má baà ṣìnà, òun náà lẹ máa rí lára òpó láàárín ìlú. Lọ́dún 1987, nígbà tí ọ̀nà náà pé àádọ́ta ọdún, ìlú ṣe àjọ̀dún kan fáwọn tó ń rìn, wọ́n pè é ní Trail Days. Láti ìgbà náà, bá a bá yọ ìgbà Kòrónà kúrò, oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, èrò tó sì ń wá máa ń tó ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ìlú tí kò pé ẹgbẹ̀rún kan, kó gba ọ̀kẹ́ kan àlejò! Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, iye tí wọ́n máa ta omi inú ọ̀rá lọ́jọ́ náà, ẹ fojú inú wò ó.

Ti ọdún 2025 yẹn tiẹ̀ tún le. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìjì líle tí wọ́n ń pè ní Helene jà níbẹ̀, omi odò kún bo ìlú, ó wọlé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé afárá lọ. Àwọn èèyàn rò pé kò ní í sọ́dún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oṣù karùn-ún pé, ìlú náà ṣe é.

Kí ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń wá níbẹ̀? Àwọn obìnrin ìjọ tí Àǹtí ń lọ ló kó ara wọn jọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n lọ tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀. Ìjọ kan ń fún wọn lóúnjẹ, òmíràn ń jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń bá wọn rán àpò tó ti ya. Ẹni tó ń rìn náà á jókòó sórí àga, á ti ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì bọ inú ọpọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, Àǹtí á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á bá a tú ìléròrò, wọ́n á fi oògùn sí i, wọ́n á sì dì í. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́ta ló ti bọ́, ó tò wọ́n sínú ike kékeré kan, ó ń gbé wọn kiri. Àǹtí ní òórùn tó wà nínú àgọ́ yẹn, ọdún mọ́kànlélógún tí òun ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, òun ò gbóòórùn irú ẹ̀ rí. Mo ní ṣé wọ́n sanwó fún yín ṣá? Wọ́n ní rárá, àwọn gan-an la sanwó epo ọkọ̀ débẹ̀.

Wọn ò kì í fi orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n pe ara wọn lójú ọ̀nà yẹn. Ìnagijẹ ni. Ẹ lè bá lọ́yà níbẹ̀, kẹ́ ẹ bá agbálẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀, ìnagijẹ àti òórùn ẹsẹ̀ ti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà. Wọ́n fún Àǹtí náà ní ìnagijẹ tiẹ̀, àmọ́ Àǹtí ní bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ká má rí ara wa mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, àwọn tó ń rìn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọdún tí kálukú rìn ni wọ́n fi pín ara wọn, wọ́n ń jó gba ojú títì ńlá kọjá. Àwọn ará ìlú dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àgbà àtọmọdé, omi ni wọ́n ń fọ́n sí wọn lára. Omi inú ike, omi inú fèrè, àní omi inú garawa. Àwọn tó ń rìn náà sì gbé ìbọn omi tiwọn dání, wọ́n ń yìn ín padà. Ibẹ̀ ni ohùn Àǹtí ti yí padà lórí fóònù. Wọ́n ní, "Bí mo ṣe rí omi yẹn, Ayédé ni mo rántí. Yemọja ni mo rántí. Mo kàn dúró gbọn-in, omijé ń bọ́ lójú mi, òyìnbó kan sì rò pé òun ló da omi sí mi lójú, ó ń bẹ̀ mí."

Kẹ́ni tí kò mọ Ayédé má baà sọ pé mò ń fò káàkiri: Ayédé-Èkìtì ni ìlú màámi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, lápá àríwá Èkìtì. Ìlú tí àwọn tó fẹsẹ̀ rìn dá sílẹ̀ ni. Ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún ó lé sẹ́yìn, nígbà tí ogun ń fọ́ ìlú kiri, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Èṣùbíyì kó àwọn èèyàn kúrò ní Ìyè, ó tẹ ìlú Ayédé dó, ó sì di Àtá. Kò sí mọ́tò nígbà yẹn, kò sí kẹ̀kẹ́. Ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí, òrìṣà lọ́wọ́, ni gbogbo wọn fi rìn. Ọmọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Apter, gbé ìlú náà fúngbà díẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1992, Black Critics and Kings lorúkọ ìwé náà.

Ẹ wá wo ọdún Yemọja Ayédé. Ó láwọn ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ìlú máa ń tìtorí ẹ̀ wálé ni ọjọ́ tí Yèyé Olókun bá gbé igbá omi látinú igbó òrìṣà wá sí ààfin. Aṣọ funfun ni, ìkóódẹ pupa níwájú orí, igbá lórí, àwọn olórìṣà tó kù yí i ká, ìlù ń dún. Kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Igbá yẹn ò gbọdọ̀ já bọ́, torí bó bá já bọ́, Àtá fúnra ẹ̀ àti gbogbo ìlú ló wà nínú ewu. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Èrò tó ń pariwo tẹ́lẹ̀, bó ti ń sún mọ́ tòsí ni kálukú ń dákẹ́. Ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ni gbogbo wa ń wò. Ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ kejì. Mo rántí pé mo di aṣọ Yèyé mú, mo sì rántí pé ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé àdá, wọ́n ro ojú ọ̀nà náà mọ́ tónítóní, wọ́n sá igi kúrò, wọ́n sì ṣa òkúta nílẹ̀.

Ìrìn tí ìlú Damascus ń yẹ́ sí fi oṣù mẹ́fà gùn, tiwa ò ju wákàtí mélòó kan lọ. Mo mọ̀. Ẹ má kọ lẹ́tà sí mi. Ohun tí mo rí ni pé níbi méjèèjì, ẹsẹ̀ ẹnì kan ni gbogbo ìlú fi ṣe ẹrù ara wọn.

Yèyé tí mo dárúkọ yẹn, ìyá tó bí màámi ni. Ẹni tó rìn ni. Nígbà tó wà lọ́mọge, àtiAyédé dé ọjà Ìkọ̀lé, iṣu lórí, ẹsẹ̀ lásán, ìdájí ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń gbéra. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbé aṣọ kiri Èkìtì, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí onígbèsè á fi sanwó, ilé bàbá Yèyé làwọn míì máa ń sùn sí. Yèyé sọ fún wa pé bí ebi bá ń pa ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn, ó lè yà sóko olóko, kó wa iṣu kan, kó sun ún níbẹ̀, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní í pè é lólè. Bó bá fi lè gbé e lọ sílé báyìí, olè ti dé nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀ ń bá ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílẹ̀, ẹ ò ní í rí olówó ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò síwájú ẹ̀ ló ń sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ mú ọsàn, ẹ fi owó sílẹ̀, ẹ máa lọ. Alẹ́ ni olówó ẹ̀ á wá kówó.

Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àwọn òyìnbó yẹn máa ń gbé ike ńlá tó kún fún omi tútù, mínírà àti bisikíìtì sílẹ̀ lójú ọ̀nà nínú igbó, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ, kí ẹni tó ń rìn bọ̀ lè rí nǹkan fi sẹ́nu, mo ní Àǹtí, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, Yèyé ló kọ́ wọn. Tiwọn tiẹ̀ sàn díẹ̀, wọn ò to òkúta síwájú ẹ̀.

Ẹ má sọ pé Nàìjíríà ò mọ ìrìn mọ́ o. Lọ́dún 2015, nígbà tí Buhari wọlé ìbò, ṣé ẹ rántí Suleiman Hashimu tó fẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Àbújá, ọjọ́ méjìdínlógún? Wọ́n gbà á tìlù tìfọn. Kí ló tún kù? Gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí ń rìn lọ kí gómìnà, èyí ń rìn torí pé òun fẹ́ràn sẹ́nétọ̀ báyìí báyìí. Ní tèmi, ìrìn yẹn ò dùn mọ́ mi nínú, ẹni tó rìn ní kìlómítà ọgọ́rùn-ún méje torí kó lè bá olóṣèlú ya fọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ṣe láàánú jù. Èyí tó wù mí ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń háyà bọ́ọ̀sì l'Ékòó lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń lọ gun òkè Ìdànrè, tó ní àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ, tàbí òkè Adó-Àwáyè tí adágún omi wà lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti wá kàn mí nìyí. Ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tún pè. Ọ̀sán ni lọ́tẹ̀ yìí, mo dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn ti bá àwọn ọmọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀, àwọn sì ti bá àwọn ọmọ Ayédé kan tí wọ́n wà ní Virginia àti Maryland sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ wálé fún ọdún Yemọja. Wọ́n fẹ́ sọ̀ nínú mọ́tò ní Ìtàjí, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ Ayédé, bí àwọn Yèyé ṣe ń rìn. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wà nílé. Bá wa lọ wo ọ̀nà náà."

Mi ò lè fèsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti apá ibẹ̀ mọ ìdí tí mi ò fi lè fèsì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, ọba mẹ́ta láti apá àríwá Èkìtì ń darí bọ̀ láti ìpàdé, inú mọ́tò ni wọ́n wà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ní ọ̀nà Òkè-Àkò làwọn apani ti dá wọn lọ́nà. Wọ́n pa Onímọ̀jọ ti Ìmọ̀jọ-Èkìtì, wọ́n pa Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Alárá ti Ará-Èkìtì ló ráyè sá àsálà. Ọba méjì lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà tí ọmọ iléèwé ń gbà! Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé l'Émùré-Èkìtì, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n sì lò nínú igbó kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bẹ́ ẹ bá ní kẹ́nì kan fẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko lọ nírọ̀lẹ́ lágbègbè yẹn, ńṣe ló máa wò yín bíi kẹ́ ẹ ti mutí yó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹni ló rán ni níṣẹ́. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ayédé. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, àbúrò màámi, mo ní mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìtàjí láàárọ̀ ọ̀la.

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ìwọ àti ta?"

Mo ní, "Èmi nìkan, sà."

Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá gbé ọ, ta ló máa san owó ìtúsílẹ̀? Ilé iṣẹ́ ìròyìn tó jẹ ọ́ lówó oṣù mélòó kan yẹn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà."

Wọ́n jókòó pẹ́ díẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní nígbà tí wọ́n fi àwọn ṣe tíṣà sí abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, ẹsẹ̀ làwọn fi ń lọ fi ń bọ̀ ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn kò ju ẹ̀rù ejò lọ. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe ọdẹ kan tó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Wọ́n ní òun ló máa tẹ̀ lé mi, àti pé bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá kọjá tá ò tíì pe àwọn látìta Ìtàjí, àwọn á gbé ọ̀kadà bọ̀.

Aago méje la gbéra. Bàbá ọdẹ gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó wọ ṣòkòtò ọdẹ, òjìji ńlá ló ní. Èmi gbé àpò kékeré sẹ́yìn, fílà wà lórí mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ọ̀nà náà ṣe dùn tó láàárọ̀: ìrì wà lára koríko, òkè dúdú lọ́tùn-ún, ìkùukùu lórí ẹ̀, ẹyẹ ń ké. Láàárín ìlàjì wákàtí, ọlọ́kadà mẹ́rin ló dúró bi wá bóyá ọ̀kadà wa ló bàjẹ́. Ìkarùn-ún ò dúró. Nígbà tó rí ìbọn, ó fún un níná, ó tẹ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà, eruku bò wá.

Ibi tí ọ̀nà ti yí díẹ̀ la ti rí obìnrin kan níwájú. Abọ́ ńlá wà lórí ẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó yíjú padà, ó rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ bọ̀, ọ̀kan gbé ìbọn, ọ̀kan gbé àpò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ju abọ́ náà sílẹ̀ gbì, ó di ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ mú, ó sì kó sínú igbó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ́n káàkiri ojú títì.

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo ti máa ń sá fún ajínigbé láti bí ọdún mélòó kan, ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan kọ́kọ́ sá fún èmi.

Bàbá ọdẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ó fi èdè Èkìtì pariwo orúkọ ara ẹ̀ àti ti bàbá ẹ̀, ó dárúkọ àdúgbò ẹ̀, ó ní ọmọ ìlú làwọn. Ó pẹ́ kí koríko tó mì. Obìnrin náà yọjú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gún ti fà á lápá, ọmọ ń ké. Nígbà tó dá ọdẹ náà mọ̀, ó bú u tìyátìbaba. Ó ní kí ló dé tí àgbàlagbà bíi tiẹ̀ fi ń fẹsẹ̀ rìn bí ẹni ibi? Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì sì bá a ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mélòó kan ti fọ́. Mo yọ owó, mo ní kó jẹ́ n san ti àwọn tó fọ́.

Ó wo bàtà mi tí eruku ti bò. Ó bi mí níbi tí mò ń rìn lọ, mo ní Ìtàjí. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, mo ní mi ò fẹ́ ṣe nǹkan kan, mo kàn ń rìn ni, torí ẹ̀gbọ́n mi kan tó fẹ́ wálé wá rìn ín. Ó mi orí. Ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún ya lára ìdì kan, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó kọ owó. Ó ní ẹni tó ń rìn ò kì í ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

A dé Ìtàjí ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọ̀kadà ni wọ́n ní kí n gùn padà, mo sì gùn ún. Nígbà tó di alẹ́, mo pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo ní ọ̀nà náà dára, mo ní òkè náà ṣì wà níbẹ̀, mo sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn, mo sì sọ ti obìnrin tó sá wọgbó. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní, kí ni káwọn ṣe báyìí?

Mo ní kí wọ́n ra bàtà fáwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.